Ìdí Tí Agẹmọ Fi Ń Mì Síwájú Sẹ́yìn Kó Tó Gbẹ́sẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì máa ń pàdé ní pápá láti ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ Agẹmọ yá nílẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé bó ṣe ń rìn lónìí ni wọ́n ṣe bí i, ẹ sọ fún un pé kò gbọ́ ìtàn. Bí ìyá rẹ̀ bá rán an níṣẹ́, itọ́ tó tu sílẹ̀ kò ní í tíì gbẹ tí yóò fi dé. Odò ló ti ń mu omi bíi ti gbogbo ẹranko. Ojú rẹ̀ méjèèjì a sì máa wo ibì kan náà.

Ẹ má bi mí nípa àwọ̀ rẹ̀ tó ń pa dà. Ìyẹn ní ìtàn tirẹ̀, kì í ṣe ti òní.

Ìgbẹ́ Ọdán ni wọ́n bí i sí. Àwọn ẹranko kéékèèké ló ń gbé ibẹ̀: Òkété, Ọ̀kẹ́rẹ́, Àfè, àti àwọn mìíràn tí àwọn ẹranko ńlá kì í kà kún. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ kan lábẹ́ igi ọdán, níbi tí Òòrẹ̀ àgbà ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù jíjù. Wọ́n so apẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka igi, wọ́n fi eérú fa ìlà sílẹ̀. Ẹni tó bá dúró lẹ́yìn ìlà eérú tó ju bọ́ọ̀lù, tí bọ́ọ̀lù náà sì wọ inú apẹ̀rẹ̀, ó jẹ àmì kan fún ẹgbẹ́ rẹ̀.

Wọ́n wá ní àṣà kan lábẹ́ ọdán yẹn tí kò sí níbòmíràn. Bí ẹnì kan bá ti gbé bọ́ọ̀lù sókè báyìí láti jù ú, gbogbo ayé á dúró. Ẹni tó ń lé e á dúró, ẹni tó ń dí i lọ́nà á yẹ̀ fún un. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì rẹ̀. Òun náà á jó díẹ̀ sí i, kó tó wá jù ú. Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n ka èyí sí. Wọ́n ní ẹni tó bá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń kì lọ́wọ́, wọn ò kọ́ ọ nílé ni.

Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ijó yẹ tó Agẹmọ. Àlàmú ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń fi kì í. Bí ó bá ti gbé bọ́ọ̀lù sókè, ìyá rẹ̀ á gbé oríkì látẹ̀yìn pápá:

“Àlàmú, ọmọ aláṣọ kan-ò-jọ̀kan,
Ọmọ a-rọra-tẹlẹ̀ bí ẹni tó tẹ ẹní,
Jù ú kó wọlé, ilé lẹyẹ ń sùn sí.”

Agẹmọ á mì síwájú, á mì sẹ́yìn. Á tún mì síwájú, á tún mì sẹ́yìn. Nígbà tí oríkì bá dé “sùn sí,” bọ́ọ̀lù á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, inú apẹ̀rẹ̀ ló sì ń bọ́ sí. Kì í tàsé. Àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì á gbé àpótí wọn jáde kí wọ́n lè wò ó.

Ṣùgbọ́n omi ni ìṣòro Ìgbẹ́ Ọdán. Adágún kékeré kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ọdọọdún ló sì ń fà sí i. Odò gidi wà ní ọ̀nà jíjìn, lẹ́bàá Pápá Ńlá, ọwọ́ àwọn ẹranko ńlá ló sì wà. Àwọn ìyẹn ní òfin: ìlú tí ọmọ rẹ̀ bá wà nínú ẹgbẹ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù ní Pápá Ńlá nìkan ló lè mu omi wọn. Eré ni bọ́ọ̀lù lábẹ́ ọdán. Ní Pápá Ńlá, iṣẹ́ ni. Òun ni wọ́n ń jẹ, òun ni wọ́n ń mu, wọn kì í sì í bá ara wọn fi ṣeré.

Lọ́dún kan, Ẹfọ̀n, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Ìsàlẹ̀ Odò ní Pápá Ńlá, gbọ́ òkìkí Agẹmọ. Ó wá sí Ìgbẹ́ Ọdán fúnra rẹ̀. Ó jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọ̀, Agẹmọ ń jù, bọ́ọ̀lù ń wọlé. Ẹnu ya Ẹfọ̀n.

“Ọmọ yìí, máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà tí ọyẹ́ bá mú,” ó ní. “A máa dán ọ wò. Tí o bá ṣì wà nínú ẹgbẹ́ wa lẹ́yìn ìdíje ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn èèyàn rẹ á máa mu odò wa láti ọjọ́ náà lọ.”

Inú gbogbo ìlú dùn. Àwọn ìyàwó ilé ti ń sọ iye ìkòkò tí wọ́n máa gbé lọ sódò. Òòrẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti dé Pápá Ńlá rí nígbà èwe rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó pe Agẹmọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. “Àlàmú, gbọ́ mi. Níbi tí ò ń lọ yẹn, ìlà wọn jìnnà ju tiwa lọ. Ọwọ́ wọn gùn. Wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, wọn kò sì mọ oríkì rẹ. Láti òní lọ, má jó mọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kàn ọ́ lọ́wọ́, jù ú. Òkété á máa sáré bá ọ kí ó lè mọ́ ọ lára.”

“Bàbá, ó dáa,” Agẹmọ wí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Òkété sáré dé tipátipá, Agẹmọ ju bọ́ọ̀lù láìjó. Bọ́ọ̀lù kò dé ìdajì ọ̀nà. Wọ́n tún un ṣe, ó bá Ọ̀kẹ́rẹ́ lórí níbi tí ó ti ń jẹ ẹ̀pà jẹ́jẹ́ tirẹ̀. Gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò rí Agẹmọ kó tàsé rí. Ara rẹ̀ bù máṣọ, ojú tì í débi pé kò lè gbórí sókè.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín náà, ó jáde. “Ẹ kúuṣẹ́ o, Bàbá Òòrẹ̀,” ó ní. “Ọmọ tí kì í tàsé, ẹ̀yin lẹ wá ń kọ́ ọ ní títàsé?”

“Ìyá Àlàmú, ẹ jẹ́ kó tàsé níhìn-ín, kó má baà tàsé lọ́hùn-ún.”

“Èmi ò gbọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ta ní í sáré bá ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni fẹ́ jà nígbà tó ń jó lọ́wọ́? Ẹ fẹ́ ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ni?”

Àwọn àgbà tó wà lórí àpótí sì gbè é lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Ìyá Àlàmú ni òótọ́, pé ẹni bá ń ṣe é tó ń dáa, kó má yí i pa dà.

Òòrẹ̀ kò bá wọn jiyàn. Agẹmọ ló kọjú sí. “Ìwọ ńkọ́, Àlàmú? Ọ̀dọ̀ ìwọ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kí ni kí á ṣe?”

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Agẹmọ lóòótọ́. Nínú ara rẹ̀, ó mọ̀ pé òótọ́ ni bàbá yìí ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn ún. Ó wo ilẹ̀ títí, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ n máa ṣe é bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.”

“Ó dáa,” Òòrẹ̀ wí.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, ìyá rẹ̀ sìn ín dé ojú ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. “Wọ́n ní alágẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ ná, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Èmi ti bí ọ, ìwọ náà sì mọ̀ ọ́n jó. Lọ jó fún wọn, kí wọ́n mọ ilé tí o ti wá.”

Agẹmọ lọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n mú un wọ pápá, ó kọ́kọ́ wo ìlà eérú, ó rò pé wọ́n ṣì í fà ni. Ìlà náà jìnnà sí apẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni apẹ̀rẹ̀ náà ṣẹ̀ wọ́n. Ìnàkí, ẹni tó máa ń dí àwọn ajubọ́ọ̀lù lọ́nà fún ẹgbẹ́ Òkè Odò, dúró níwájú rẹ̀. Ọwọ́ Ìnàkí gùn débi pé kò nílò láti bẹ̀rẹ̀ kó tó mú nǹkan nílẹ̀.

Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí Agẹmọ. Ó gbé e sókè. Ó dúró díẹ̀ kí ayé náà bá a dúró. Ó mì síwájú. Kí ó tó mì sẹ́yìn, bọ́ọ̀lù ti wà lọ́wọ́ Ìnàkí, Ìnàkí sì ti sá lọ.

Agẹmọ wò yíká. Ó rò pé ẹnì kan á bá Ìnàkí wí. Kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan. Eré ti lọ sí ìhà kejì.

“Má jó,” Ẹfọ̀n sọ fún un lẹ́yìn eré. “Gbà á, kí o jù ú.”

“Ẹ̀gbọ́n Ẹfọ̀n, ẹ má bínú. Màá ṣe é.”

Ó gbìyànjú o. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò gbìyànjú. Bí ó bá jó, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá jó, bọ́ọ̀lù kò ní í dé apẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jó ìdajì ijó, ìdajì ọ̀nà ni bọ́ọ̀lù á dé. Òùngbẹ sì ń gbẹ àwọn ará ilé. Àfè wá sọ fún un pé adágún ti di ẹrẹ̀, pé àwọn ọmọ ti ń fi ewé fa omi nínú rẹ̀. Agẹmọ kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti àárọ̀. Láràárọ̀, kí àwọn yòókù tó jí, Agẹmọ á lọ sí Pápá Ńlá ní òun nìkan. Á dúró lẹ́yìn ìlà tó jìnnà yẹn, á máa fẹnu ara rẹ̀ ki oríkì ara rẹ̀, á mì síwájú, á mì sẹ́yìn, á jù ú. Bọ́ọ̀lù á wọlé. Á tún jù ú, á tún wọlé. Kò sí ẹnikẹ́ni ní Pápá Ńlá tó lè jù ú bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ kan, Ìnàkí fúnra rẹ̀ dúró lẹ́yìn igi, ó ń wò ó, ó mi orí, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ìdíje ìparí ẹ̀ẹ̀rùn dé. Gbogbo ará Ìgbẹ́ Ọdán ló wá wò ó, ètè wọn ti bó. Òkété wá, Ọ̀kẹ́rẹ́ wá, Òòrẹ̀ àgbà fi ọ̀pá rìn wá. Ìyá Agẹmọ jókòó síwájú. Kò sí omi lẹ́nu rẹ̀ tó lè gbé mì, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀.

Eré náà le. Nígbà tó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, ẹgbẹ́ méjèèjì ṣe déédéé. Wọ́n ní ẹni tó bá kọ́kọ́ jù ú wọlé ló borí. Agẹmọ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí ó ti ń sá kiri láti ìgbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀, láìjẹ àmì kankan. Ìnàkí yí pa dà láti bá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí ewé gbígbẹ, ó ṣubú lulẹ̀.

Ẹfọ̀n rí i. Ó ju bọ́ọ̀lù sí Agẹmọ. “Jù ú!”

Bọ́ọ̀lù bá Agẹmọ lọ́wọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ó ti dé Pápá Ńlá, àyè wà. Ó gbé bọ́ọ̀lù sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì ti múra láti jù ú láìjó, lóòótọ́ ló ti múra.

Ìyá rẹ̀ wò ó láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Ó rí i tí ọmọ òun gbé bọ́ọ̀lù sókè láàárín àwọn àjèjì, tí ẹnikẹ́ni kò sì kì í. Àánú ọmọ rẹ̀ ṣe é. Ó dìde pẹ̀lú ọ̀fun gbígbẹ yẹn, ó gbé oríkì náà:

“Àlàmú, ọmọ aláṣọ kan-ò-jọ̀kan...”

Agẹmọ gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ara rẹ̀ dáhùn kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ojú rẹ̀ kan wà lára apẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ kejì lọ bá ìyá rẹ̀. Ó mì síwájú.

“Ọmọ a-rọra-tẹlẹ̀ bí ẹni tó tẹ ẹní...”

Ó mì sẹ́yìn. Ìnàkí dìde nílẹ̀.

“Jù ú kó wọlé...”

Nígbà tí Agẹmọ tún mì síwájú, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ìyá rẹ̀ kò parí oríkì náà. Bọ́ọ̀lù ti lọ sí ìhà kejì pápá, apẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ sì ti gbà á, àwọn ará Òkè Odò sì ti ń fò sókè.

Ẹfọ̀n wá bá a níbi tí ó dúró sí. Ẹranko líle ni Ẹfọ̀n, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rọ̀ lọ́jọ́ náà. “Àlàmú, mi ò ní í parọ́ fún ọ. Ọwọ́ rẹ dáa ju tèmi lọ. Ká ní a lè dá ayé dúró fún ọ díẹ̀ ni, ìwọ ni ì bá ṣe olórí wa. Ṣùgbọ́n ta ló lè dá ayé dúró? Máa lọ sílé.”

“Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n,” Agẹmọ wí.

Wọ́n rìn pa dà, gbogbo wọn. Òòrẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí dé ilé, kò sì sọ pé “ṣé mo sọ fún ọ.” Ká ní ó sọ ọ́ ni, bóyá ara ì bá tu Agẹmọ díẹ̀.

Adágún ti gbẹ pátápátá nígbà tí wọ́n dé. Ìlú tú. Òkété gbẹ́ ilẹ̀ wọlé, ó ń wá ibi tó tutù. Ọ̀kẹ́rẹ́ àti àwọn ọmọ rẹ̀ gba orí igi lọ. Wọn kò bú Agẹmọ. Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n ní “ó dàbọ̀, Àlàmú,” wọ́n sì lọ. Ẹnikẹ́ni kò tún ju bọ́ọ̀lù lábẹ́ ọdán mọ́.

Ó wá ku Agẹmọ àti ìyá rẹ̀ lórí igbó ṣúúrú kan. Ní òwúrọ̀, Agẹmọ rí ìrì lórí ewé, ó fẹ̀sọ̀ tẹ ewé náà sílẹ̀ kí ìyá rẹ̀ lè mu.

“Èmi ni mo fà á,” ìyá rẹ̀ wí lẹ́yìn tó mu tán. “Ká ní mo panu mọ́ ni.”

“Ìyá mi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin pè mí, mo dáhùn. Ọjọ́ tí Bàbá Òòrẹ̀ bi mí pé kí ni kí á ṣe, ọjọ́ yẹn ni mo ti ju bọ́ọ̀lù yẹn nù.”

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Agẹmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ohun tí Òòrẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ nígbà yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, nítorí ijó ti wọ̀ wọ́n lára. Ahọ́n rẹ̀ nìkan ni kò jó rí, òun ló sì gbọ́ ẹ̀kọ́. Bí eṣinṣin bá bà lé ewé, á yọ ahọ́n sí i láìdúró de oríkì, eṣinṣin á sì ti wọlé kí ó tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ó ti mọ bí a ṣe ń jù ú láìjó báyìí. Ṣùgbọ́n pápá ti tú, àwọn tí ì bá torí rẹ̀ mu omi kò sí níbẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Agẹmọ kì í ti í lọ sódò mọ́. Ìrì orí ewé ló ń mu. Láti ọjọ́ náà ni ojú rẹ̀ kan ti ń wo ọ̀tún tí èkejì ń wo òsì. Láti ọjọ́ náà sì ni kò ti lè gbẹ́sẹ̀ lásán: á mì síwájú, á mì sẹ́yìn, á tún mì síwájú, kí ó tó tẹ ilẹ̀. Oríkì tí ìyá rẹ̀ kò parí ló ń dúró dè.

Àwọn ọmọ èèyàn náà ti ń ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ báyìí, ogún Agẹmọ sì wà lára àwọn kan nínú wọn. Ẹ ó rí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ dùn ní yunifásítì, tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ń pe orúkọ rẹ̀. Yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi eré náà jẹun, níbi tí ìlà ti jìnnà, tí ọwọ́ ti gùn, tí kò ti sí àyè, bọ́ọ̀lù á sì máa kọ̀ ọ́. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹ bá jí lọ sí pápá ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ẹ ó bá a níbẹ̀ ní òun nìkan, ó ń jù ú, ó ń wọlé.